Apá róbà, ẹ̀jẹ̀ àdàlù: Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ láàbù ti ń ṣàṣìṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ wa

Bébà kékeré kan wà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ tí agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an nílẹ̀ Yorùbá lónìí. Bébà tí wọ́n máa ń kọ jẹ́nótáìpù sí ni. Bí ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin bá ti sọ pé àwọn fẹ́ fẹ́ra, kí àwọn òbí tó mú ọjọ́ ìdána, bébà yẹn ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ kì í so tọkọtìyàwó pọ̀ bí wọn kò bá tíì rí i, àwọn ààfáà kan náà sì ti ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Bó bá jẹ́ AA ló wà nínú ti àwọn méjèèjì, ara á tu gbogbo ẹbí. Bó bá jẹ́ AS pàdé AS, ọ̀rọ̀ di ẹkún, nítorí pé gbogbo ìgbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá lóyún ni ìdá kan nínú mẹ́rin wà níbẹ̀ pé kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tí àìsàn tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa bá fínra.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló gbé S kan sára ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sì ti fojú bù ú pé nǹkan bíi 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àìsàn yìí lórílẹ̀-èdè wa.

Ta ló wá kọ AA tàbí AS sí bébà náà? Dókítà kọ́ o. Ẹnì kan tí a kì í sábàá rí ni, tó jókòó sí ẹ̀yìn fèrèsé kékeré níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn tọkọtìyàwó tí wọ́n sọ fún pé AA ni ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n fẹ́ra tayọ̀tayọ̀, tí ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké eegun bó ṣe ń tó ọmọ ọdún kan. Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, ẹni tí wọ́n pè ní AA di AS. Bẹ́ẹ̀ jẹ́nótáìpù tí wọ́n bí mọ́ èèyàn kì í yí padà bí ojú ọjọ́. Ọwọ́ ẹnì kan ló ṣì í.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì í yẹn ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa wo ibi tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti ń kọ́ ọ, pàápàá ọ̀nà kan tó ti ń gbilẹ̀ káàkiri àgbáyé: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe gbogbo àṣìṣe rẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣe aláìsàn. A ó máa pè é ní ìdánrawò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe lè rò. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bá mú lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ọ̀gá kì í gbé àǹkárá oníbàárà fún un pé kó gé e lójọ́ kìíní. Bébà àpò sìmẹ́ńtì tàbí ìwé ìròyìn àtijọ́ ni yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn àti apá aṣọ. (Àwa oníwèé ìròyìn kì í bínú sí i.) Bó bá gé e wọ́, wọn á fi í rẹ́rìn-ín, wọn á ju bébà náà sí ààtàn, kò sí ẹni tó máa san owó aṣọ. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró ni wọ́n máa tó fún un láṣọ gidi.

Iṣẹ́ láàbù ni wọn kò tètè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Fún ọdún gbọọrọ, ara èèyàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀: wọn á kọ́kọ́ gún ara wọn lábẹ́rẹ́, ìwọ gún mi, èmi gún ọ, lẹ́yìn náà wọn á bọ́ sí wọ́ọ̀dù. Ẹni tí wọ́n bá sì ti gún lẹ́ẹ̀mẹta lápá òsì, lẹ́ẹ̀mejì lápá ọ̀tún, tí ẹ̀jẹ̀ kò jáde, mọ ẹni tó san owó ẹ̀kọ́ ọmọ náà.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ já ọgbọ́n yìí dáadáa. Ní 1929, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù ní ìlú Binghamton, fi ohun tó dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí kì í kúrò nílẹ̀. Èèyàn á jókòó sínú rẹ̀, á máa yí sọ́tùn-ún sósì bíi pé òkè ló wà. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ kà á sí ohun ìṣeré. Nígbà tó di 1934, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lẹ́tà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú nínú kùrukùru nítorí pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ láì rí ìta, ìjọba sáré lọ ra ohun ìṣeré náà. Ní 1960, Asmund Laerdal, ará Norway tó ń ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé, ṣe ọmọláńgidi tó tó èèyàn gidi, kí wọ́n lè fi kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ èémí sẹ́nu ẹni tó dákú. Láti ibẹ̀ ni ọmọláńgidi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ti dókítà, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn onílàábù.

Ní Nàìjíríà, ọdún márùn-ún gbáko ni ọmọ tó bá fẹ́ di onímọ̀ àyẹ̀wò ìṣègùn ń lò ní yunifásítì, yóò sì tún ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá kó tó dá dúró. Àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ wọn, Medical Laboratory Science Council of Nigeria, ni òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀, òun ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ọdún márùn-ún yẹn dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá. A kò sọ ẹni tó jẹ̀bi níbí o. Ohun tí à ń sọ ni pé èèyàn lè jókòó sílé kàwé, àmọ́ ọwọ́ tí kò bá gún abẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́jọ yóò gbàgbé. Bí wọ́n bá sì wọlé padà, akẹ́kọ̀ọ́ á kún láàbù ọsibítù fọ́fọ́, wọn á máa na ọrùn wo ẹyọ maikirosikóòpù kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn ara wọn.

Ibi tí ìdánrawò ti wúlò nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí apá róbà, nítorí òun ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Apá èèyàn ni wọ́n fi róbà ṣe, láti èjìká dé ìka. Wọ́n fi ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awọ rẹ̀, wọ́n sì fi omi tí wọ́n pa láró pupa kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi okùn róbà so apá náà lókè, á fi ìka wá iṣan, á nu ojú ibẹ̀, á jẹ́ kó gbẹ, á wá ti abẹ́rẹ́ wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe é re, omi pupa á rọ́ wọ inú sirínjì. Bó bá ṣì í, kò sí ẹni tó máa ké. Ó lè ṣe é lógójì ìgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé okùn róbà yẹn kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ lápá èèyàn, nítorí bó bá pẹ́, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á ki ju bó ṣe wà nínú ara tó kù, èsì á sì parọ́. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé kó má fi agbára fa sirínjì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà tipátipá máa ń fọ́, èyí tó bá sì fọ́ á tú potassium tó wà nínú rẹ̀ síta. Potassium yìí wà lára ohun tó ń darí bí ọkàn ṣe ń lù, nítorí náà bí dókítà bá rí i pé ó pọ̀ jù lórí bébà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àìsàn tí kò sí lára aláìsàn rárá.

Síbẹ̀, apá róbà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Róbà kì í bẹ̀rù. Iṣan rẹ̀ kì í sá bí ti àgbàlagbà tí awọ ti fẹ́lẹ́, tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá ti kan iṣan, ṣe ló máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í jà bí ọmọ ọdún méjì tí ibà ń ṣe. Ẹni tó bá mọ ti róbà kò tíì mọ ti Bàbá Àgbà, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ara Bàbá Àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀ ni. Lójú tiwa, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń gbé apá róbà síwájú jù bí àlejò bá wá, nítorí pé ó dùn ún wò, ó sì dára fún fọ́tò. Ìdánrawò tó ṣe pàtàkì jù kò ṣe é yà fọ́tò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù náà ni ẹ̀jẹ̀ tí olùkọ́ ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí jẹ́nótáìpù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ láàbù wa nìyí: wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á fọ́ ọ kí pupa inú rẹ̀ lè tú jáde, wọ́n á kán díẹ̀ sórí bébà pàtàkì kan, wọ́n á tẹ́ bébà náà sínú ọpọ́n tí omi oníyọ̀ wà, wọ́n á wá tan iná mànàmáná sí i. Iná á máa fa pupa ẹ̀jẹ̀ náà lọ lórí bébà. A ló yára jù, á lọ jìnnà. S á wà lẹ́yìn rẹ̀. C, tó wà nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, á fà sẹ́yìn jù lọ. Ẹni tó bá jẹ́ AA á ní ìlà kan níwájú, ẹni tó bá jẹ́ AS á ní méjì, SS á ní ẹyọ kan lẹ́yìn. Ó dà bí eré sísá, ẹni tó ń wò ó á sọ ibi tí kálukú dúró sí.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa mọ ibi tí A yẹ kó dé lónìí? Bí iná bá lọ láàárín, bí agbára rẹ̀ kò bá tó, bí omi inú ọpọ́n bá ti gbó, gbogbo wọn á dúró sójú ọ̀nà. (Àwọn oníná tí a ṣì ń pè ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò láti 2005, lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ.) Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ dandan kí wọ́n máa tẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé AS tàbí AC ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn lórí bébà kan náà, kí wọ́n lè fi wé e. Láàbù tó bá ń ṣe é láì fi nǹkan kan wé e, àfọ̀ṣẹ ló ń dá.

Olùkọ́ tó bá gbọ́n á wá dẹ pàkúté. Á po ẹ̀jẹ̀ AA díẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ SS nínú ìgò kan, á kọ orúkọ èèyàn tí kò sí níbì kan sí i lára, á fún akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe é, á rí ìlà méjì, á fi ìdùnnú kọ AS. Olùkọ́ á wá ní kó ka fọ́ọ̀mù tó bá ìgò náà wá. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, wọ́n ti kọ ọ́ pé aláìsàn yìí gba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni A tó rí yẹn! SS ni ẹni náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí èèyàn lára lè wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n ṣe jẹ́nótáìpù irú ẹni bẹ́ẹ̀ lásìkò yẹn láì béèrè. Bákan náà ni ọmọ ọwọ́ jòjòló: ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá láti inú oyún ṣì pọ̀ lára rẹ̀, ó sì máa ń bo èyí tí wọ́n fẹ́ rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọmọ tí pàkúté yìí bá mú lẹ́ẹ̀kan níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé àtika fọ́ọ̀mù títí ayé. Ẹ wo iye tí ó náni: ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì àti bébà kan.

Ibà náà ní tirẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe tó o ní ìgbèríko, kò sì sí èyí tí wọ́n ń kọ "plus" sí bó ṣe wù wọ́n tó o. Láti mọ̀ bóyá ibà wà lára èèyàn, wọ́n á tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á fi oògùn aró pa á láró, wọ́n á wá gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Kòkòrò ibà kéré débi pé inú ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa kan ló ń gbé. Ìdọ̀tí aró lè dà bíi kòkòrò lójú ẹni tí kò tíì rí i tó. Ọ̀nà tí ayé fi ń kọ́ ojú ni pé kí wọ́n kó gíláàsì jọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí àwọn àgbà onímọ̀ mélòó kan ti wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, tí wọ́n tún ti fi ẹ̀rọ ìgbàlódé jẹ́rìí sí. Àwọn kan ní kòkòrò púpọ̀, àwọn kan ní díẹ̀, àwọn kan kò ní rárá. Ní Èkó, ibùdó kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó tó ń fi irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn onílàábù.

WHO ní ìdánwò kan tí wọ́n ń fi irú gíláàsì yìí ṣe, kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ wà ní ipò kìíní gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 90 nínú 100 ní mímọ èyí tí kòkòrò wà àti èyí tí kò sí, kó tún gba 90 ní dídá irú kòkòrò mọ̀. Wọ́n á tún ní kó kà wọ́n. Bó bá ka kòkòrò 50 níbi tó ti ka ẹyọ ẹ̀jẹ̀ funfun 200, yóò ṣírò rẹ̀ sí 2,000 nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín kan. Níbi kíkà yìí, kó ṣáà ti súnmọ́ iye gidi, kó má fi ju ìdá mẹ́rin lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, nínú ìdajì àwọn gíláàsì náà. Ẹ ò rí i pé wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ náà le. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún máa ń kùnà ìdánwò yìí, kò sì jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ẹni tí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ó ṣì í, báwo ló ṣe máa mọ̀?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní 1947 ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Belk àti Sunderman, gbé èsì iṣẹ́ kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi ohun kan náà ránṣẹ́ sí àwọn láàbù ọsibítù tó lé ní 50 ní Pennsylvania pé kí wọ́n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tó padà wá ń dójú tini: àwọn tó ṣì í pọ̀ ju àwọn tó gbà á lọ. Láàbù òyìnbó ni o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wá ti yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò ó nìyí. Bí èsì bá ṣì, a máa ń sọ pé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Ní Ítálì, Mario Plebani àti Paolo Carraro tọpasẹ̀ 40,490 àyẹ̀wò ní ọsibítù kan, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 1997. Àṣìṣe 189 ni wọ́n rí. Nínú 100, nǹkan bí 68 ló ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé orí ẹ̀rọ rárá: orúkọ tó ṣì, ìgò tó ṣì, ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò gbà dáadáa. Nǹkan bí 13 péré ló ṣẹlẹ̀ nídìí àyẹ̀wò gan-an. Ìyókù ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kọ èsì tàbí tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá wá ń fi gbogbo ọjọ́ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ, ìdí 13 yẹn ló jókòó sí.

Nítorí náà, ìdánrawò tó péye gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe bí ìyá arúgbó, kó so gèlè, kó jókòó. Èkejì á wá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí èkejì bá sọ pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Táíwò?" ìyá náà á dáhùn pé, "Èmi ni, ọmọ mi." Ó ti kùnà. Àwọn àgbà wa kì í jiyàn pẹ̀lú ọmọ tó kí wọn dáadáa, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Yàtọ̀ sí èyí, Màmá Táíwò mélòó ló wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà? Bó ṣe yẹ kó béèrè ni pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín àti ti bàbá yín? Ọdún wo ni wọ́n bí yín?" Ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò dárúkọ, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ sára ìgò níwájú rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá padà dé ìdí tábìlì. Nílẹ̀ Yorùbá wa, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, tí ọjọ́ ìbí wọn bára mu, tí wọ́n sì lè wá gba àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà, àfi kéèyàn ṣọ́ra.

Wọ́n á tún fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oríṣiríṣi ìgò. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò ni ti jẹ́nótáìpù, èyí tó jẹ́ àwọ̀ eérú ni ti ṣúgà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da ẹ̀jẹ̀ inú ti elésè àlùkò sínú ìgò mìíràn nítorí pé ti ọ̀hún kò kún, oògùn inú rẹ̀ á mú kí potassium ga débi tí kò sí alààyè tó lè ní irú rẹ̀. Olùkọ́ á gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀, á ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ti ṣúgà ló kan ẹ̀yin ará ìgbèríko jù. Ẹ̀jẹ̀ tí kò sí nínú ìgò eérú máa ń jẹ ṣúgà ara rẹ̀, nǹkan bíi 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní abúlé láago mẹ́jọ, tí ọlọ́kadà gbé dé ìlú láago mọ́kànlá, lè mú kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Láti fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ kò gba owó: ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé e sórí tábìlì fún wákàtí mẹ́ta, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ìdánrawò kan tún wà tó kan ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola ti Làìbéríà wọ Èkó. Ogún èèyàn ló mú, ó pa mẹ́jọ nínú wọn, títí kan Dókítà Ameyo Adadevoh tí kò jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ọsibítù, kí WHO tó kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé a ti bọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn, ẹnì kan ló gbà á, ẹnì kan ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bíbọ́ aṣọ àti ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léwu ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ. Láti kọ́ ọ, wọ́n máa ń fi lẹ́búlẹ́bú kan tí ojú lásán kò rí pa ìbọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní kó bọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n á wá pa iná yàrá, wọ́n á tan iná aláwọ̀ aró kan. Gbogbo ibi tí lẹ́búlẹ́bú náà ti kàn án á máa tàn yanranyanran: ọrùn ọwọ́, etí, àgbọ̀n. Ká ní Ebola ni! Lọ́dún yẹn kan náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà tó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ sí Anniston ní Alabama, níbi tí wọ́n ti kọ́ ibùdó ìtọ́jú Ebola àfarawé, pé kí wọ́n lọ fi ara mọ́ ọn níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ti ṣe èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ á gbé awò ńlá sójú, tí á sì rí ara rẹ̀ nínú láàbù tí kò sí níbẹ̀, á máa fi ọwọ́ gbé ìgò tí kò sí. A kò kọ̀ ọ́, ó wúlò fún ohun tó bá léwu jù. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí kò lówó díísù jẹnẹrétọ̀, tí gíláàsì ibà rẹ̀ kò pé ogún, kò yẹ kó fi ti awò ṣáájú. Kí wọ́n kó gíláàsì jọ ná. Kí wọ́n ra ọpọ́n jẹ́nótáìpù sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún má máa na ọrùn wo ẹyọ kan.

Nínú ìdánrawò kan tí àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ fẹ́ràn, wọ́n á to ìgò mẹ́wàá síwájú akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù mẹ́wàá. Orúkọ ara ìgò kan kò bá ti fọ́ọ̀mù mu. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kan ti dì. Ìkan kò ní orúkọ rárá, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé aláìsàn ti abúlé tó jìnnà wá, ó ti ń dúró láti àárọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kó ṣe àyẹ̀wò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó bá ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gba òdo. Méje péré ló yẹ kó ṣe. Ó gbọ́dọ̀ dá mẹ́ta padà, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì bẹ aláìsàn náà pé kó jẹ́ kí àwọn tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Bí ọmọdé onílàábù kan bá wá sọ́dọ̀ yín ní ọsibítù lọ́la, tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, tó ní ẹ má bínú, ẹ̀jẹ̀ tí àwọn gbà láàárọ̀ kò ṣeé lò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ na apá sí i, ìgò kẹjọ, ìkẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.